Orúkọ Àfikọ́rùn

Bí ẹ bá ń wá obìnrin tó mọ orúkọ ìdajì àwọn ará Kùtọnù, tí kò sì tíì rí ẹni tí yóò pe òun gan-an ní ìyàwó, ẹ má wá a lọ síbi tó jìnnà. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà zẹ́mì lẹ́yìn ọjà Misẹ̀bò, kí ẹ béèrè Sọ̀fíyàt oníbáàjì. Wọn yóò nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù kótópó kan tí fáànù rẹ̀ ń pariwo ju bó ṣe ń fẹ́ lọ. Ẹ óò bá a níbẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà, ọwọ́ kan lórí iṣẹ́, ọwọ́ kejì ní ìbàdí, nítorí ìbàdí ń dùn ún.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí ìpàdé ńlá kan bá fẹ́ wáyé, ìbáà jẹ́ ti àwọn dókítà, ti àwọn olùkọ́ tàbí ti àwọn tó ń ta sìmẹ́ǹtì, òun ni yóò tẹ káàdì kékeré tí olúkúlùkù yóò fi kọ́ ọrùn, kí ẹni tó jókòó tì í lè mọ orúkọ rẹ̀ láìbéèrè. Báàjì ni gbogbo wọn ń pè é. Ìlànà iṣẹ́ náà ni pé kí orúkọ jẹ́ gàdàgbà lókè, kí oyè kéré nísàlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, Sọ̀fíyàt yóò gbé tábìlì sí ẹnu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì, yóò máa pe orúkọ sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá jẹ́ ẹ, a fi kọ́ ọ lọ́rùn. Ẹni tí a bá pè lẹ́ẹ̀mẹta tí kò jẹ́, a fi tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, a mú ẹlòmíràn.

Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ ìrọ̀rùn ni, kó wá bá a ṣe é lọ́jọ́ kan. Àwọn tó ni ìpàdé á ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn ló ń bọ̀. Tí ilẹ̀ ọjọ́ náà bá mọ́, wọ́n á ti di ọgọ́jọ. Ọ̀gá kan á ní wọn ò kọ oyè òun. Òmíràn á ní fọ́tò òun dúdú jù, bí ẹni pé Sọ̀fíyàt ló bí i. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ó sì ti rẹ̀ ẹ́, irú àárẹ̀ tí ènìyàn ń bá sùn tí ó tún ń bá jí.

Ibi iṣẹ́ yìí náà ni òun àti Ràzáàkì ti pàdé ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Àwọn tó ń bá oníṣòwò yọ ẹrù ní èbúté ló ń ṣèpàdé lọ́jọ́ náà, Ràzáàkì sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Gbogbo ènìyàn ti wọlé tán kí ó tó dé, ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, òógùn bò ó.

"Orúkọ yín ò sí níbí, ọ̀gá," ni Sọ̀fíyàt wí.

"Ẹ tún un wò dáadáa, tàǹtí. Ràzáàkì ni."

"Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mejì."

"Ó dáa. Èmi gan-an ti dúró síwájú yín, kí ni ẹ tún ń wá orúkọ fún?"

Sọ̀fíyàt kò rẹ́rìn-ín. Ó tan ẹ̀rọ rẹ̀, ó tẹ báàjì tuntun fún un, ó sì nà án sí i. Ọkùnrin náà kà á, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì dá a padà fún un.

"Kò pé."

"Kí ni kò pé níbẹ̀?"

"Orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ò sí níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà tẹ̀lé e."

Láti aago márùn-ún ìdájí ni Sọ̀fíyàt ti wà lórí ìdúró. Kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù ló kọ sí i, kì í ṣe ti ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀, ọkùnrin náà ti pe ṣọ́ọ̀bù.

Ohun tó mú Sọ̀fíyàt fẹ́ràn rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn, nítorí ọ̀rọ̀ dídùn pọ̀ ní Kùtọnù. Bí ìpàdé bá ti tú, Ràzáàkì yóò ti èbúté wá bá a palẹ̀ mọ́. Yóò kó àwọn báàjì tí ẹni tó ni wọ́n kò wá gbà, yóò máa ka orúkọ wọn jẹ́jẹ́. "Dókítà báyìí báyìí. Kí ló dé tí wọn ò wá? Bóyá ìyàwó wọn ló bímọ." Lọ́jọ́ Àìkú, wọn a lọ jókòó létí òkun ní Fijirọ́sẹ̀. Lọ́jọ́ tí Ràzáàkì fẹ́ sọ fún un pé òun fẹ́ fi í ṣaya, ó ti kọ́ ọ̀rọ̀ náà sórí láti ilé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, nígbà tó máa fi dé ìdajì, Sọ̀fíyàt ti sùn lọ lórí àga. Ràzáàkì kò jí i. Ó ṣí agboòrùn lé e lórí, ó jókòó tì í fún wákàtí méjì, nígbà tó sì jí, ó tún ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Obìnrin wo ni yóò rí èyí tí kò ní gbà?

Ẹni tí kò gbà ni ìyá Ràzáàkì.

Opó ni ìyá náà, ọmọ Kétu, ó ń ta aṣọ ní Misẹ̀bò, ọmọ mẹ́ta ló sì dá tọ́. Kí ó tó fojú kan Sọ̀fíyàt ni ẹnìkan ti wá sọ fún un pé ọmọbìnrin tí ọmọ rẹ̀ ń bá kiri, òun rí i tó ń jáde láti òtẹ́ẹ̀lì láàárọ̀ kùtù, ó ru báàgì. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ẹlòmíràn tún rí i ní òtẹ́ẹ̀lì mìíràn. Ràzáàkì ṣàlàyé títí ẹnu fi gbẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá kọ́kọ́ wọ etí ni í gba àga ìjókòó, àwọn tó bá tẹ̀lé e a wà lórí ìdúró.

Sọ̀fíyàt lọ kí i nínú ìsọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ láàárín àwọn ìdì aṣọ.

"Ìwọ ni wọ́n ń pè ní oníbáàjì," ni ìyá náà wí.

"Èmi ni, mà."

"Òtẹ́ẹ̀lì mélòó lo mọ̀ ní Kùtọnù yìí?"

Sọ̀fíyàt kò rò ó tó kó tó dáhùn. Ó ní, "Wọ́n pọ̀, mà. Mi ò lè kà wọ́n tán."

"Mo gbọ́," ni ìyá náà wí, ó sì kọjú sí oníbàárà rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Ìdíátù ti ń lọ tó ń bọ̀. Ìdíátù yìí ń ta ìborùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ ìyá Ràzáàkì, ó sì tún jẹ́ ẹbí ìyá Sọ̀fíyàt ní Ṣakété, nítorí náà òun ni Ọlọ́run dá fún iṣẹ́ alárinà. Tó bá gbé ọ̀rọ̀ dídùn lọ, ọ̀rọ̀ kíkan ni yóò gbé bọ̀. Ọdún méjì gbáko ló fi ṣe é.

"Mo ti sọ fún un pé iṣẹ́ ọwọ́ ni," Ìdíátù á wí, á sì bọ́ bàtà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè fẹ́. "Ó ní òun gbọ́. Mo ní ọmọ náà ń kírun. Ó ní òun gbọ́. Mo bi í léèrè pé kí ló wá kù. Ó ní òun ò ì tíì múra. Sọ̀fíyàt, wọ́n ní bí a bá mojú ìyàwó tán, alárinà a yẹ̀bá. Èmi ń bẹ Ọlọ́run pé kí n tètè yẹ̀bá, torí ó ti rẹ̀ mí."

"Ó rẹ èmi náà, tàǹtí," ni Sọ̀fíyàt máa ń dáhùn.

Ìgbà tó yá, bàbá rẹ̀ pè é láti Ṣakété. Télọ̀ ni bàbá náà, Mùílíù lorúkọ rẹ̀, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí fóònù.

"Sọ̀fíyàt, ẹnikẹ́ni kì í gbé ọmọ lọ fún ẹni tí kò wá béèrè. Mo ti dákẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Tí oṣù yìí bá fi parí tí wọn ò wá sí ilé mi, sọ fún ọmọkùnrin náà kó máa lọ. Ọkùnrin kan wà níbí tí ìyàwó rẹ̀ kú. Ó ti wá bá mi lẹ́ẹ̀mejì, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀."

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Mi ò fi ipá mú ọ. Ojú rẹ ni mo ń wò. Ìgbà tó o wálé kẹ́yìn, orí oúnjẹ lo ti sùn."

Sọ̀fíyàt gbé fóònù sílẹ̀, ó sì wo inú ara rẹ̀ dáadáa. Ó fẹ́ràn Ràzáàkì. Ìyẹn kò yẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń bi ara rẹ̀ pé ṣé ìfẹ́ náà ló ṣì ń mú un dúró ni, àbí pé ó ti rẹ̀ ẹ́ jù láti dìde.

Nígbà tí ó sọ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ fún Ràzáàkì, ọkùnrin náà ní òun ti rí ọ̀nà. Ní Sátidé ìparí ọ̀sẹ̀ kejì, gbogbo ìdílé bàbá òun, Àjíṣafẹ́ ti Kétu, yóò péjọ ní Kùtọnù. Ìdílé náà ti fọ́n ká sí Lómé, sí Èkó, sí Libuvílù, débi pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ́ ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ láìmọ̀. Ìgbà tí wọ́n lọ tọrọ ọmọ ni wọ́n rí fọ́tò bàbá àgbà kan náà lára ògiri. Bàbá Búrẹ́mọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá Ràzáàkì, tó jẹ́ olórí ẹbí, wá ní lọ́tẹ̀ yìí, olúkúlùkù yóò fi orúkọ kọ́ ọrùn.

"Mo ti sọ fún Bàbá pé ìwọ lo máa ṣe é," ni Ràzáàkì wí. "Ìyá mi máa rí ọ lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n máa fojú ara wọn rí ohun tó o ń lọ ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, Bàbá fúnra wọn máa bá wọn sọ ọ́."

Sọ̀fíyàt wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọdé. "Ràzáàkì, ṣé o ronú sí i? Bí Ọlọ́run bá gbà á, ọkọ mi ni gbogbo àwọn ènìyàn yẹn. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ, ká má tíì sọ ti ìyá ọkọ."

"Kíkọ kọ́ ni pípè."

"Nígbà tí wọ́n bá dé ìdí tábìlì ńkọ́? Ta ló máa pè wọ́n?"

"Kàdíjátù ńkọ́?"

Kàdíjátù ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Sọ̀fíyàt rò ó, ó rí i pé ó ṣeé ṣe. Kàdíjátù yóò pe orúkọ, òun yóò máa fi okùn sí i, òun ò ní la ẹnu rárá.

Ọ̀sẹ̀ náà kò ṣàánú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe ìpàdé àwọn onímọ̀ omi, tí wọ́n pààrọ̀ orúkọ ní ìgbà mẹ́rin. Ọjọ́ Ẹtì ni orúkọ ìdílé Àjíṣafẹ́ tó dé, àádọ́jọ ó dín mẹ́ta. Ó fẹ́ kọ "Ìyá Ràzáàkì" gàdàgbà sórí ti ìyá Ràzáàkì kí ọ̀rọ̀ lè rọrùn, ṣùgbọ́n Bàbá Búrẹ́mọ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ìyá Ràzáàkì mẹ́rin ló wà nínú ẹbí, orúkọ àbísọ ni kí ó kọ fún gbogbo wọn. Sọ̀fíyàt tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀: ÀDÌZÁTÙ. Ó dà á dé kíákíá, bí ẹni tó rí ohun tí kò yẹ kó rí.

Láàárọ̀ Sátidé, ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n háyà, ó ti to tábìlì tán kí Kàdíjátù tó pè é. Ó ní ara ọmọ òun ń gbóná, àwọn wà ní ilé ìwòsàn, kí Sọ̀fíyàt má bínú.

Sọ̀fíyàt kò bínú. Ó to àwọn báàjì síta, ó ní kí olúkúlùkù mú tirẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi dàrú. Àwọn tó ti Lómé dé ń gbé ti àwọn ará Èkó wò, bàbá arúgbó kan fi orúkọ obìnrin kọ́ ọrùn, àwọn ọmọ ń fi okùn rẹ̀ fa ara wọn. Ràzáàkì ti lọ pàdé bọ́ọ̀sì àwọn ará Kétu. Bàbá Búrẹ́mọ̀ ló wá gbé míkúrò, ẹ̀rọ gbohùngbohùn, fún un.

"Ọmọ mi, kó wọn jọ. Pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bó o ṣe máa ń ṣe é níbi iṣẹ́ rẹ."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn..."

"Ta ló mọ̀ ọ́n ṣe jù ọ́ lọ? Pè wọ́n."

Àgbà ti sọ̀rọ̀. Sọ̀fíyàt gba ẹ̀rọ náà. Fún àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́, ó ń wá ohun tí yóò fi síwájú orúkọ: Bàbá Ṣọlá, Ẹ̀gbọ́n Háàrúnà, Màámi Rasidat. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ń kígbe pé kí ó yára, oòrùn ń mú, ojú rẹ̀ ń ṣú nítorí àìsùn. Nígbà tó fi máa pe ogójì, ẹnu rẹ̀ ti bọ́ sí ọ̀nà tó ti ń tọ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án. Kò ro ohun tó ń pè mọ́, káàdì nìkan ló ń rí.

"Àdìzátù."

Kò sí ẹni tó dáhùn.

"Àdìzátù dà?"

Ariwo ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Sọ̀fíyàt kò gbójú sókè.

"Àdìzátù, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. A máa fi tìrẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ o."

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà bọ́ tán ló gbọ́ ohun tó sọ. Ẹyin lohùn. Ìyá Ràzáàkì kò jìnnà sí i ju ẹsẹ̀ mẹ́ta lọ, ó wọ aṣọ funfun tónítóní, àwọn ìyàwó ilé méjì sì ti fi ọwọ́ bo ẹnu lẹ́yìn rẹ̀.

"Ta lò ń pè?" ni ìyá náà béèrè, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè.

Sọ̀fíyàt kúnlẹ̀ níbi tó wà. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ dárí jì mí. Mi ò rò ó."

"Ìyá mi ló fún mi lórúkọ yẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti kú, kò sí ẹni tó pè mí bẹ́ẹ̀ láàárín àwùjọ." Ó yíjú kúrò. "Fi sẹ́gbẹ̀ẹ́. O ti sọ pé o máa fi sẹ́gbẹ̀ẹ́."

Títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi ṣú, ìyá Ràzáàkì nìkan ni kò fi orúkọ kọ́ ọrùn. Àwọn obìnrin ilé sì ń sọ ọ́ láti orí àga dé orí àga pé ẹni tí kò tíì wọlé ti ń pe ìyá ọkọ lórúkọ lẹ́ẹ̀mẹta, tó bá wá wọlé tán ńkọ́. Bàbá Búrẹ́mọ̀ kò lè dá ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó kankan sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ràzáàkì bá Sọ̀fíyàt níbi tó ti ń di ẹrù rẹ̀.

"Má lọ báyìí. Jẹ́ ká lọ bẹ̀ wọ́n pa pọ̀."

"Mo ti bẹ̀ wọ́n."

"Wọ́n á gbàgbé, Sọ̀fíyàt. Fún mi ní oṣù méjì péré."

"Ọdún mẹ́ta ni mo ti fún ọ. Mi ò bínú sí ìyá rẹ o. Mi ò tilẹ̀ ní agbára tí wọ́n fi ń bínú. Ó ti rẹ̀ mí láti máa dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹni tí kò fẹ́ kí n wọlé. Ibi iṣẹ́ mi ni mo ti ń dúró sẹ́nu ọ̀nà, mi ò lè tún máa ṣe é lọ́dọ̀ ọkọ." Omi ti ń bọ̀ lójú rẹ̀, ó nù ún kúrò. "Máa lọ sílé."

Odindi ọjọ́ mọ́kànlá kọjá. Ràzáàkì ń wá sí ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́, yóò dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, Sọ̀fíyàt yóò máa tẹ iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan, nínú orúkọ àwọn tó ń ta oògùn, ó bá Ràzáàkì mìíràn pàdé. Ó dá ẹ̀rọ dúró. Ó jókòó, ó ń wo orúkọ ọkùnrin tí kò mọ̀ rí, àyà rẹ̀ sì ń dùn ún gidigidi. Ó mọ̀ nígbà náà pé ìfẹ́ ṣì wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá. Ìyẹn ló tún wá mú kí ó rẹ̀ ẹ́ sí i.

Ní ọjọ́ kejìlá, Ìdíátù wọlé, ó bọ́ bàtà.

"Bàbá Búrẹ́mọ̀ ní kó o wá sílé ìyá Ràzáàkì lọ́la, lẹ́yìn ìrun Alásàrì."

"Kí ni mo fẹ́ wá ṣe níbẹ̀?"

"Ẹjọ́ ni. Obìnrin náà ò dákẹ́ láti ọjọ́ yẹn. Ìsọ̀ tirẹ̀, ìsọ̀ tèmi, gbogbo Misẹ̀bò ló ti sọ ọ́ dé. Àwọn àgbà fẹ́ parí ẹ̀."

Oṣù ku ọjọ́ mẹ́rin kó parí. Sọ̀fíyàt gbà láti lọ, kì í ṣe nítorí ìrètí. Ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán lójú àgbà, kí òun lè pe bàbá òun ní ìrọ̀lẹ́, kí òun sì sùn.

Nígbà tó dé, wọ́n ti jókòó. Bàbá Búrẹ́mọ̀ wà láàárín, ìyá Ràzáàkì wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, Ràzáàkì wà nílẹ̀ lórí ẹní, àwọn ìyàwó ilé méjì dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Sọ̀fíyàt kúnlẹ̀ kí wọn. Ìyá Ràzáàkì ní kí wọ́n gbé àga fún un, àga tó dára, tó ní tìmùtìmù, irú èyí tí wọ́n ń gbé fún àlejò. Ó jókòó lórí rẹ̀, Ìdíátù sì dúró tì í.

"Ìyàwó," ni Bàbá Búrẹ́mọ̀ wí fún ìyá Ràzáàkì, nítorí bó ṣe ń pè é láti ogójì ọdún nìyẹn, "sọ ohun tó ń dùn ọ́."

"Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, Bàbá. Ó pè mí lórúkọ. Lójú ìdílé. Pẹ̀lú míkúrò. Nígbà tí mo wọlé yìí, mi ò pe ìyá yín lórúkọ títí wọ́n fi lọ. Èyí tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ tí mo wọlé gan-an, ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é títí dòní. Ọmọbìnrin yìí ò bọ̀wọ̀ fún mi. Bó ṣe ń dùn mí ní Sátidé náà ló ṣe ń dùn mí báyìí."

"Sọ̀fíyàt, o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Kí lo fẹ́ sọ?"

Ó ti ro ọ̀rọ̀ dídára kan sílẹ̀ nílé, ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ àti ìdágbére. Kò rí i mọ́. Ohun tó jáde ni ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Màmá, mo ṣẹ̀ yín, mo sì ti bẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá a sí ọ̀nà kan, torí ó ti rẹ̀ mí. Ní báńkì, ọmọbìnrin tó wà nídìí gíláàsì ń pè yín ní Àdìzátù."

Àwọn ìyàwó ilé mí kanlẹ̀. Ìdíátù fọwọ́ kàn án léjìká. Sọ̀fíyàt kò dúró.

"Ní ilé ìwòsàn, àwọn nọ́ọ̀sì ń pè yín bẹ́ẹ̀, ẹ̀ ń dìde, ẹ̀ ń lọ bá wọn. Ẹ ò pè wọ́n lẹ́jọ́, torí iṣẹ́ wọn ni, wọn kì í sì í ṣe ìyàwó yín. Tí mo bá jẹ́ oníbáàjì tí ẹ kò fẹ́ mọ̀, mi ò ṣẹ̀ yín; iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi ni mo ṣe, ẹ jẹ́ kí n máa lọ sílé. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé mo ṣẹ̀ yín lóòótọ́, á jẹ́ pé ìyàwó yín ni mí, torí ìyàwó nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ yẹn wà fún. Ẹ bu ìtanràn rẹ̀ lé mi nígbà náà, kí n san án. Èyí tó bá wù yín, mo fara mọ́ ọn. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí n jẹ́ méjèèjì pọ̀. Mi ò lè gbé e mọ́."

Lójú títì níta, zẹ́mì kan kọjá, òmíràn tẹ̀lé e. Ràzáàkì ti dojú bolẹ̀ lórí ẹní. Bàbá Búrẹ́mọ̀ yíjú sí ìyá Ràzáàkì.

Ìyá Ràzáàkì ń wo ọmọbìnrin tó wà níwájú rẹ̀. Bóyá ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó wò ó gan-an. Ó rí àwọ̀ tó ṣú lábẹ́ ojú rẹ̀, ó rí ìka ọwọ́ rẹ̀ tí yíǹkì ti wọ̀, ó rí ẹsẹ̀ tó wú díẹ̀ nínú bàtà. Òun náà ti fi irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ dúró ní Misẹ̀bò nígbà tí Ràzáàkì ṣì ń mu ọmú, àwọn ènìyàn sì sọ tirẹ̀ náà nígbà náà, pé opó wo ló ń jáde nílé láàárọ̀ kùtù bẹ́ẹ̀. Kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

"Bàbá," ló wí nígbẹ̀yìn, "ta ló gbé ọmọ yìí sórí àga?"

"Ìwọ ni, Ìyàwó."

"Mo ṣì í ṣe." Ó kọjú sí Sọ̀fíyàt, ojú rẹ̀ kò rọ̀. "Àlejò ni a ń fi sórí àga tó bá ń rojọ́. Ìyàwó ilé yìí, orí ìkúnlẹ̀ ló ti ń jẹ́jọ́. Sọ̀ kalẹ̀."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó yé Sọ̀fíyàt. Ó yé Ìdíátù kíákíá, nítorí ó ti ń sunkún, ó sì ń yẹ̀bá lọ sí ìdí ògiri. Sọ̀fíyàt sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀ sórí ẹní, orúnkún rẹ̀ sì kan ti Ràzáàkì.

"Àkùkọ kan," ni ìyá Ràzáàkì wí, "àti igba obì, àti àpótí ọtí ẹlẹ́rìndòdò mẹ́ta. Ìtanràn rẹ nìyẹn. Ọmọbìnrin kì í dá ìtanràn san láìjẹ́ pé àwọn òbí rẹ̀ mọ̀. Sọ fún bàbá rẹ pé àwa fúnra wa máa wá gbà á ní Ṣakété, ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, èmi àti Bàbá àti gbogbo àwọn tó o pè lórúkọ. Kó wá ibi tí wọ́n máa jókòó sí."

"Ẹ ṣé, mà," ni Sọ̀fíyàt wí.

"Màámi ni. Má pè mí ní mà mọ́."

"Ẹ ṣé, Màámi."

Bàbá Búrẹ́mọ̀ ṣe àdúà, wọ́n ṣe àmín. Àwọn ìyàwó ilé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan nínú wọn sì ti ń béèrè orúkọ tí ìyàwó tuntun yóò máa fi pe ọmọ òun. Ràzáàkì na ọwọ́ sí Sọ̀fíyàt pé kó dìde, ẹjọ́ ti parí. Sọ̀fíyàt di ọwọ́ náà mú, ṣùgbọ́n kò dìde. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun sinmi díẹ̀ níbẹ̀.